Ọ̀wẹ̀ Iná tí Ọlábímtán Ṣe fún Àna Rẹ̀

Ní Ògìdì, ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn kì í fi ẹnu lásán fẹ́ ẹ. Ó ní láti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko bàbá ọmọ náà, kí wọ́n kọ ebè, kí wọ́n ro oko, títí inú bàbá yóò fi dùn sí i. Ọ̀wẹ̀ ni à ń pe iṣẹ́ yìí. A kì í háyà ẹlòmíràn láti bá ni ṣe é. Ẹni tí ó bá kó alágbàṣe wọ oko àna rẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé ọmọ wọn kò tó ohun tí òun lè làágùn fún.

Nígbà tí James Ọlábímtán ti Kàdúná dé ní ọdún 1956, tí ó ní Cecilia ọmọ Gbádéyan ni ọkàn òun fẹ́, kò sí ẹni tí ó rò pé ọ̀wẹ̀ tirẹ̀ yóò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ sì máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wà ní Kàdúná fún ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ Lájídé, ọmọ ìlú Ẹ̀júkù, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná sí ilé fún àwọn ènìyàn. Ikú bàbá rẹ̀ ni ó gbé e wálé. Ohun tí ìlú mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé oníṣẹ́ iná ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Òtítọ́ ibẹ̀ kéré ju bí ó ti sọ ọ́ lọ. Ìdí àkàbà ni Ọlábímtán ti ń dúró. Lájídé a máa wà lókè, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára iṣẹ́. Yóò kàn na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, yóò pe orúkọ ohun tí ó ń fẹ́, Ọlábímtán yóò sì fi í lé e lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn orúkọ náà kì í ṣe ti òyìnbó. Haúsá, Nupé, Gbàgyí, Íbò àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀; orúkọ òyìnbó gùn, ó sì ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, nítorí náà agbo òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe èdè tirẹ̀. Nínú agbo Lájídé, ẹnu ọ̀nì ni wọ́n ń pe pùláyà tí a fi ń di wáyà mú tí a sì fi ń gé e. Irin pẹlẹbẹ kékeré tí ń gbá wáyà mọ́ ara igi ni ọ̀já, nítorí bí ìyá ti ń gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ni ó ń ṣe. Àpótí tí àwọn wáyà ti ń pàdé ni oríta. Gílóòbù ni ẹyin, ibi tí ó ń jókòó sí sì ni ìtẹ́. Fíúsì tí ń jóná kí ilé má baà jóná, onígbọ̀wọ́ ni, torí òun ni wọ́n ń mú nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣẹ̀. Wáyà pupa tí iná ń gbà wọlé ni ọkọ, dúdú tí ó ń gbà padà ni ìyàwó. Irin gígùn tí wọ́n ń gbá wọ inú ilẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ ni ọmọ ilẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí, Ọlábímtán mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, nítorí orí ilẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà tí Lájídé kì í pè. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ní gíláàsì lọ́rùn ni, àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni ó ń gbé. Bí ó bá so wáyà tán, yóò fà á yọ, yóò fi kan ibí, yóò fi kan ọ̀hún, yóò sì dá a padà sí àpò. Ọlábímtán bi í léèrè orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ìyẹn kì í sọ̀kalẹ̀," ni Lájídé fi dá a lóhùn. Ọlábímtán rẹ́rìn-ín, kò sì bi í mọ́.

Gbádéyan tí ó fẹ́ fi ṣe àna jẹ́ oníṣòwò kọfí àti ẹ̀kùrọ́. Ó ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi páànù bò, ó sì ti ra ẹ̀rọ amúnáwá kan ní Lókòjà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, inú àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé ni ó wà, tí adìyẹ ń sùn lé e lórí. Nígbà tí àwọn ẹbí Ọlábímtán wá tọrọ ọmọ, Ìbítóyè, àgbàlagbà tí ó jẹ́ alárenà, ni ó ṣáájú wọn. Ó béèrè oko tí Gbádéyan yóò fẹ́ kí wọ́n kọ.

"Ebè, àwọn ọmọ mi á kọ ọ́," ni Gbádéyan wí. Ó wo Ọlábímtán. "Wọ́n ní iṣẹ́ iná ni o kọ́ lọ́hùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Cecilia ń gbé àwo obì sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Ọlábímtán rí i pé ó dẹ ọwọ́ lórí àwo náà láti gbọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ó dára. Iná ni kí ọ̀wẹ̀ tìrẹ jẹ́. Bí ilé mi bá mọ́lẹ̀, ọmọ di tìrẹ."

Ibẹ̀ ni ì bá ti sọ òtítọ́, kí ojú sì tì í díẹ̀, kí ó gbé ọkọ́ lọ sí oko. Kò sọ ọ́. Ó rò pé òun yóò ránṣẹ́ sí Lájídé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi rántí pé ọ̀wẹ̀ ni, ẹnìkan kò sì gbọ́dọ̀ bá òun ṣe é àyàfi àwọn ẹgbẹ́ òun. Nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Ọlọ́runlékè ń mọ bíríkì, Délé ń dáko. Kò sí ẹni tí ó ti rí ìdí wáyà rí nínú wọn. Bí ó ti wá di pé òun nìkan ni nìyẹn, àti ohun tí etí rẹ̀ ti gbọ́ ní ìdí àkàbà.

Bí ó ti ṣe iṣẹ́ náà yani lẹ́nu. Ohun tí ó mọ̀ ni bí Lájídé ti ń pe nǹkan tẹ̀lé ara wọn. Bí ó bá ti pe ọ̀já, òòlù ni yóò tẹ̀lé e. Bí ó bá pe oríta, yóò pe ọkọ, yóò pe ìyàwó, yóò wá pe ẹnu ọ̀nì. Ọlábímtán gun àkàbà, ó dákẹ́ bí ẹni tí ń gbọ́ ohùn láti òkè, ó sì ń ṣe ohun tí ó gbà pé ọwọ́ Lájídé ń ṣe lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́runlékè àti Délé ni wọ́n dúró nísàlẹ̀. Ó ti kọ́ wọn ní àwọn orúkọ náà, inú wọn sì dùn sí i bí ẹni tí ó gba oyè.

"Ọ̀já," ni yóò wí.

"Ọ̀já rèé, Kàdúná. Ọmọ dà?" ni Ọlọ́runlékè wí; Kàdúná ni wọ́n ti ń pè é láti ìgbà tí ó dé.

"Gbẹ́nu dákẹ́. Mú ọkọ wá."

"Ọkọ kò sí nílé," ni Délé wí. "Ó ti lọ mu ẹmu."

Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pọnmi kọjá a máa dúró gbọ́. Kí iṣẹ́ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti ń pe gílóòbù ní ẹyin, wọ́n sì ń pe ẹni tí ó bá jẹ ìyà ẹlòmíràn ní onígbọ̀wọ́.

Nígbà tí ó kan súwíìṣì àkọ́kọ́, Ọlábímtán dúró pẹ́ lórí àkàbà. Ó rántí ìpè náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Lájídé ni ó máa ń bo ibi tí ó ń so ó mọ́. Èwo nínú wáyà méjèèjì ni ó ń gé kí ó tó mú un gba inú súwíìṣì kọjá?

"Kàdúná, ṣé o ń sùn lókè ni?" ni Ọlọ́runlékè béèrè.

Ọlábímtán rò ó pé a kì í dá baálé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó gé wáyà dúdú, ó sì mú un gba inú súwíìṣì. Ó tẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ: iná tàn. Ó tì í sókè, iná kú. Ó mí kanlẹ̀. Bákan náà ni ó ṣe gbogbo èyí tí ó kù.

Ọjọ́ tí ilé Gbádéyan mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn wá láti ìlú Ìyàrá wò ó. Rebecca, ìyá Cecilia, di Ọlábímtán lọ́wọ́ mú lójú gbogbo ènìyàn, ó sì kí i bí wọ́n ti ń kíni níbẹ̀.

"Okun, ọmọ mi. Okun o. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí mo bá fẹ́ nu ẹyin yìí? Èéfín ibí pọ̀."

"Ẹ ti súwíìṣì yìí sókè, Ìyá. Ó ti sùn nìyẹn. Ẹ lè fọwọ́ kàn án bí ẹ bá ti fẹ́."

Rebecca jẹ́ ahunṣọ. Òfì rẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, aṣọ ìyàwó Cecilia sì wà lórí rẹ̀, ó ti hun ún kọjá ìdajì. Ó mọṣẹ́ débi pé àwọn ahunṣọ mìíràn a máa gbé tiwọn wá kí ó bá wọn wò ó.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Àwọn kòkòrò abìyẹ́ tú jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n sì bo iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹ́ wọn kún inú ìtẹ́, ó sì ń rùn bí nǹkan tí ń jó. Rebecca gun orí pèpéle tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, láìwọ bàtà. Ó ti súwíìṣì sókè, iná sì kú. Ó yọ gílóòbù, ó wé àkísà tútù mọ́ ìka rẹ̀, ó sì tì í bọ inú ìtẹ́ láti nu ún. Iná gbé e, ó sì là á mọ́lẹ̀.

Kò kú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì jóná débi tí ó fi funfun. Ọlábímtán dé nígbà tí wọ́n ti fi òrí kùn ún, tí wọ́n sì ti dì í. Ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní yàrá. Kí ó tó dọ̀bálẹ̀ tán ni Rebecca ti ń sọ̀rọ̀.

"Má bínú, ọmọ mi. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́."

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Àkísà tútù ni mo mú. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á. Mo kàn rò pé bí mo ti pa á, ó ti sùn."

Theresa, àbúrò rẹ̀, mi orí. "A ti ń sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀. Ohun tó bá ti rí ló fẹ́ fọ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí a ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ikú bá ti kọjá. Rebecca náà rẹ́rìn-ín. Ọlábímtán wà lórí ìkúnlẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Rebecca ti pa iná kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí òun sọ fún un ni ó ṣe. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá," ó sì dìde. Ó bẹ Gbádéyan pé kí wọ́n má ṣe tan ẹ̀rọ náà títí òun yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni lójú.

Ó gbọ́ pé Lájídé ti wá ṣe ọdún Àjíǹde nílé. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀júkù, ó sì bá a lábẹ́ igi ọsàn tí ó ń fá irùngbọ̀n.

"Okun o, ọ̀gá."

"Ọlábímtán. Wọ́n ní o ti di ọ̀gá ní Ògìdì, pé àwọn omidan ń fi ẹnu ọ̀nì kọrin."

Ọlábímtán jókòó. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Kàbà ni ó so iná sí ilé kan, tí iná sì gbé ìyá onílé náà.

"Ó pa súwíìṣì kó tó fọwọ́ kàn án?"

"Ó pa á."

"Iná sì kú?"

"Ó kú, sà."

Lájídé nu abẹ rẹ̀. "Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ dá dúró lẹ́nu súwíìṣì, ọkọ ni àbí ìyàwó?"

Ọlábímtán ń wo abẹ náà.

"Bó bá jẹ́ ìyàwó ni, iná á kú lójú, ṣùgbọ́n ọkọ ṣì jókòó sínú ìtẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ ló ń dúró dè. Ọkọ la ń dá dúró. Kí lo rò pé mò ń fi irin àpò mi wò ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí kì í bá ṣe ibi tí ọkọ wà?"

"Mo bi yín nígbà náà, ọ̀gá. Ẹ ní kì í sọ̀kalẹ̀."

"Kì í sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Ìwọ ló yẹ kó gòkè. Ìgbà wo lo ní kí n jẹ́ kí o gòkè? Orúkọ ni o ń béèrè, tí o bá sì ti gbọ́ ọ, ó tán." Ó gbé dígí rẹ̀ sókè, ó tún ń fá irùngbọ̀n. "Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé bí ọ̀kan ti rí ni gbogbo ilé náà rí. Kó lọ tún un ṣe kí ó tó pa ẹnìkan."

Nínú ọkọ̀ tí ó gbé e padà, Ọlábímtán rí ọ̀nà tí ojú kò fi ní tì í. Yóò ní òun wá yẹ ilé wò lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Yóò gun àkàbà, yóò fi pupa rọ́pò dúdú lẹ́nu súwíìṣì kọ̀ọ̀kan. Délé àti Ọlọ́runlékè kò ní mọ ìyàtọ̀. Ilé yóò di aláìléwu, ọmọ yóò sì di tirẹ̀. Kò sí ibi tí ọ̀nà náà kò ti dán, àfi bí ó bá rántí Rebecca tí ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó dé ilé Gbádéyan, ó bá Ìbítóyè alárenà ní pálọ̀. Rebecca ni ó ránṣẹ́ pè é. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ dídì rẹ̀ lé itan. Gbádéyan àti Cecilia wà níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi bẹ Ọlábímtán," ni Rebecca ń sọ fún Ìbítóyè. "Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ìyá ìyàwó fi ìwà òmùgọ̀ ba ọ̀wẹ̀ jẹ́. Kí ó má rò pé ọmọ mi jọ mí. Cecilia kì í fi ọwọ́ tútù mú nǹkan."

Ọlábímtán wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde.

"Kì í ṣe àkísà," ni ó wí. "Mo so ó lódì. Bí ẹ ti pa á yẹn, ó yẹ kó kú pátápátá. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n so."

Gbádéyan gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Ṣé o mọ̀ pé o kò mọ̀ ọ́n kí o tó gun òkè?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìdí àkàbà ni mo ti ń dúró ní Kàdúná. Mo ń gbé irinṣẹ́ fún ọ̀gá mi ni."

"Mo bi ọ́ níbí yìí. Lójú alárenà."

"Ẹ bi mí, Bàbá."

Cecilia dìde, ó sì jáde sí ẹ̀yìn. Wọn kò gbọ́ kí ó sọkún. Ìdí òfì ìyá rẹ̀ ni ó lọ dúró sí, ó kàn dúró níbẹ̀.

"N kò gba ọ̀wẹ̀ yìí," ni Gbádéyan wí. "Yọ wáyà rẹ kúrò lára ilé mi. Bí o bá ṣì fẹ́ ọmọ, oko wà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ẹni tí o ṣẹ̀."

Rebecca ti ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le.

"Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni. Mo sọ fún àwọn ìyá ìjọ. Mo sọ ọ́ lọ́jà. Theresa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, mo bá a rẹ́rìn-ín. O wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, o sì jẹ́ kí n máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ." Ó dìde. "Gbé ìpéle mi fún mi. A ó jọ lọ."

Wọ́n jọ lọ. Rebecca ṣáájú, Ọlábímtán tẹ̀lé e. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Theresa, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sílé olórí àwọn ìyá ìjọ, wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjá sí ọjà. Ní ibì kọ̀ọ̀kan Rebecca a jókòó, yóò ní, "Ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀," yóò sì dákẹ́. Ọlábímtán yóò wá sọ pé kò sí ẹ̀bi ìyá, pé òun ni kò mọ iṣẹ́ tí òun pe ara òun mọ́. Ó rò pé yóò rọrùn sí i bí ó bá ti ń sọ ọ́. Kò rọrùn. Àwọn kan ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ìyẹn sì burú ju èébú lọ. Ọlọ́runlékè, tí wọ́n bá níbi tí ó ti ń po amọ̀, fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, ó wo ọwọ́ Rebecca, ó sì gbé ẹ̀fẹ̀ náà mì.

Àgbàlá àwọn ahunṣọ ni wọ́n lọ kẹ́yìn. Monica, tí ó dàgbà jù níbẹ̀, kò gbọ́ràn dáadáa. Nígbà tí Ọlábímtán sọ tirẹ̀ tán, ìyá náà fi ọwọ́ gbé etí.

"Kí ni ó wí?"

"Tún un sọ fún un," ni Rebecca wí. "Gbé ohùn sókè."

Ó gbé ohùn sókè, ó tún un sọ, gbogbo òfì tí ó wà ní àgbàlá náà sì dákẹ́.

Ó kọ ebè fún Gbádéyan ní ọdún náà àti ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Délé nìkan ni ó kọ́kọ́ bá a lọ. Àwọn yòókù wá nígbà tí ó yá. Lájídé fúnra rẹ̀ ni Gbádéyan pè láti so iná sí ilé náà lákọ̀tun, Ọlábímtán sì wà ní oko lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún un ní Cecilia. Aṣọ tí Monica hun ni ó wọ̀ lọ sílé ọkọ. Èyí tí ó wà lórí òfì ìyá rẹ̀, wọ́n gé e bí ó ti wà, nítorí ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún Rebecca kò ṣeé ká mọ́ láti hunṣọ.

Rebecca kò bá Ọlábímtán jà lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ó bá lọ kí wọn, Rebecca fúnra rẹ̀ ni yóò gbé oúnjẹ fún un, ọwọ́ òsì ni yóò fi gbé e. Àgbà tí ó bá fi òsì fún ènìyàn ní nǹkan a máa ní kí ó má bínú. Rebecca kì í sọ ọ́. Ọlábímtán yóò kúnlẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.